Bọ́ọ̀lù Kì í Ṣe Ọbẹ̀ Tí Yóò Kan Bó Bá Di Àárọ̀



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá òru fún ìsinmi wa, tó sì dá ọ̀sán fún wíwá jíjẹ àti mímu. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, a máa ń fi abala yìí sọ̀rọ̀ lórí omi tó mọ́, ọwọ́ fífọ̀, ẹ̀fọn àti bí a ṣe ń lo oògùn. Oorun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Bí omi ṣe ń fọ ìta ara, bẹ́ẹ̀ ni oorun ṣe ń tún inú ọpọlọ ṣe. Ohun tó sì ń jí oorun gbé ní ọ̀pọ̀ ilé ní Mákùn àti káàkiri Ṣágámù báyìí ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àkókò tó yẹ kí àwa wà lórí ibùsùn.

A ó sọ èrò wa láìfi bò. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Wákàtí tí wọ́n fi ń wò ó la bá ní ẹjọ́. Láti aago kan òru títí di ìgbà tí làdáànì yóò pe ìrun Àsùbáà, ẹni méjì ló ni wákàtí náà: ara rẹ, àti Ọlọ́hun tó dá ara náà. Bọ́ọ̀lù kò ní ìpín níbẹ̀.

Aago tiwọn, aago tiwa

Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù ti mọ́ wa lára. Bó ti wù kó pẹ́ tó, aago mọ́kànlá alẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá kó tó parí. Ẹni tó bá ti kí ìrun Ìṣáì rẹ̀ á wò ó, á sì rí oorun sùn. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ní ìgbà ooru wọn, wákàtí márùn-ún ni aago wa fi ṣáájú ti New York. Bí wọ́n bá sọ pé eré yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 8:30 alẹ́ lọ́dọ̀ wọn, aago 1:30 òru ni níbí.

Ẹ wo básíkẹ́ẹ̀tì NBA tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń tẹ̀lé. Bí sáà bá ń parí lọ, láti àárín oṣù kẹrin títí wọ inú oṣù kẹfà, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ìdíje àṣeyọrí tí wọ́n ń pè ní playoffs. Ẹgbẹ́ 16 ló ń wọ̀ ọ́, ìpele mẹ́rin ni, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí nínú eré mẹ́rin ló ń lọ sí ìpele tó kàn. Eré méje ni ìpele kan lè gbà. Ẹni tó bá di ẹgbẹ́ kan mú títí dé òpin lè wo eré 28 láàrin oṣù méjì. Ìṣẹ́jú 48 péré ni eré náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìdádúró, ìsinmi àti ìpolówó ọjà mọ́ ọn, ó ń lọ sí wákàtí méjì ààbọ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 1:30 òru yóò parí ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí.

Ọdún 2025 fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ẹ̀sìn wa. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ni ọjọ́ Arafa, tí ọ̀pọ̀ wa gba ààwẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6, ni Iléyá. Òru tó wà láàrin méjèèjì gan-an ni Oklahoma City àti Indiana bẹ̀rẹ̀ eré àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá wọn. Indiana borí pẹ̀lú 111 sí 110, bọ́ọ̀lù tí Tyrese Haliburton jù nígbà tí àkókò kò kù ju ìdá ìṣẹ́jú àáyá lọ ló sì fi borí. Eré dídùn ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ààwẹ̀ Arafa lọ́sàn-án, tó ṣínu ní Mọ̀gáríbà, tó wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí di aago mẹ́rin, irú ara wo ni yóò gbé lọ sí Yídì? Ọwọ́ wo ni yóò fi di ọ̀bẹ mú láti pa àgbò? Eré keje tó parí ìdíje náà, tí Oklahoma City fi 103 sí 91 gba ife, òru Mọ́ńdè ọjọ́ 23 ló bọ́ sí lọ́dọ̀ wa. Àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, ọjà ń pè, iṣẹ́ ń pè, ilé ìwé ń pè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí básíkẹ́ẹ̀tì tàbí sí ìlú wa. Lásìkò ooru, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa bá ara wọn mu. Ẹni tó bá wà ní London tàbí Manchester tó ń tẹ̀lé họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọ Mákùn tó ń tẹ̀lé NBA. Tirẹ̀ tilẹ̀ le jù. Ní ìdíje àṣeyọrí họ́kì, bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ta ọ̀mì, wọn yóò máa fi ogún ìṣẹ́jú kún ogún ìṣẹ́jú títí ẹnì kan yóò fi jẹ góòlù. Ní ọdún 1936, àfikún mẹ́fà ni Detroit àti ẹgbẹ́ Maroons ti Montreal lò kí wọ́n tó rí góòlù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò sùn bí eré bá parí, kò mọ ìgbà tí òun yóò sùn. Ìdíje Ife Àgbáyé ti ọdún 2026 pẹ̀lú, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò ni wọ́n gbé e sí, láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 19 oṣù keje, eré 104 lápapọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì wà fún òru tiwa.

Ohun tó ń fa àwọn ọmọ wa

Àwọn àgbà kan máa ń béèrè pé kí ló kan ọmọ Rẹ́mọ nínú bọ́ọ̀lù Oklahoma. Ó kàn án. Àwọn orúkọ tó ń gbọ́ níbẹ̀ jọ ti ilé rẹ̀. Adébáyọ̀ ni orúkọ tí Bam Adebayo ń jẹ́ ní Miami. Adétòkunbọ̀ ni àwọn Gíríìkì kọ ní ọ̀nà tiwọn tó fi di Antetokounmpo, orúkọ Giannis, ẹni tó kó 50 àmì ayò lálẹ́ tí Milwaukee gba ife ní ọdún 2021. Ṣáájú gbogbo wọn, Hakeem Olajuwon ti wà, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1963, Mùsùlùmí tó kó Houston gba ife ní 1994 àti 1995.

Ti Hakeem yìí yẹ kí gbogbo ilé Mùsùlùmí máa sọ fún ọmọ wọn. Ó máa ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì láìfi ọjọ́ eré sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1995, tí Ràmàdáánì bọ́ sí, òun ni wọ́n yàn ní eléré tó dára jù lóṣù náà. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yìí. Ó mú ẹ̀sìn ṣáájú, eré wá tẹ̀lé e, Ọlọ́hun sì fi èrè sí méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ràn Hakeem tó wá ń sun Àsùbáà mọ́jú nítorí básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ló gbé, kò gbé ojú rẹ̀.

Ohun kan sì wà tí àwọn ọmọ wa kì í rò. Àwọn tó ń ṣe eré yìí kì í ṣe é lóru. Alẹ́ wọn ni. Bí wọ́n bá parí, wọn yóò wẹ̀, wọn yóò jẹun, wọn yóò lọ sùn, nítorí oorun wà nínú iṣẹ́ wọn bíi ti oúnjẹ. Wọ́n ń gba owó, wọ́n ń sùn. Àwa kò gba kọ́bọ̀, a kò sì sùn.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Isilaamu kò kórìíra eré. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá ìyá wa Aisha sá eré ìje. Ó jẹ́ kí ó wo àwọn ará Habaṣa tí wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí. Nítorí náà, àlùfáà tó bá ní gbogbo bọ́ọ̀lù ni èèwọ̀, a kò bá a lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kan náà ti ṣètò òru fún wa. Súrà An-Naba' jẹ́ ká mọ̀ pé Ọlọ́hun fi oorun ṣe ìsinmi, ó fi òru ṣe aṣọ ìbora, ó fi ọ̀sán ṣe àkókò ìjẹ-ìmu. Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì kò fẹ́ràn kéèyàn sùn ṣáájú ìrun Ìṣáì, kò sì fẹ́ràn kéèyàn máa tàkùrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé Abdullah ọmọ Amr ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń fi gbogbo òru kírun, ó pè é, ó sì kìlọ̀ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá lè sọ fún ẹni tó ń fi òru jọ́sìn pé kó lọ sùn díẹ̀, kí ni wọn yóò sọ fún ẹni tó ń fi òru wo bọ́ọ̀lù?

Àwọn kan á dá wa lóhùn pé a kì í sùn nígbà táhájúdì náà. Táhájúdì kò jọ ọ́. Ọ̀nà Ànábì ni kéèyàn kọ́kọ́ sùn, kó tó dìde kírun. Èyí tí a ń sọ yìí, wọ́n kì í sùn ṣáájú, wọn kì í sùn lẹ́yìn, aago mẹ́rin ìdájí sì ni ibi tó ti ń burú jù. Bọ́ọ̀lù ti tán, Àsùbáà ku wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹni náà á sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n kàn fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.” Oorun tó ti ń lé e láti alẹ́ á gbé e lọ. Làdáànì á pè, á tún pè, kò ní gbọ́. Oòrùn ni yóò jí i.

Iṣẹ́ tí oorun ń ṣe nínú ara

Nígbà tí a bá sùn, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń lọ sílẹ̀, ọkàn á sinmi. Ọpọlọ á to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án jọ, á sì fọ ìdọ̀tí tó ti kó jọ sínú rẹ̀. Ara á ṣe àtúnṣe ibi tó bàjẹ́, á kó ọmọ ogun rẹ̀ jọ láti bá àrùn jà. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí 12 nílò mẹ́sàn-án sí méjìlá.

Àìsùn òru kan kò ní pa ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ̀rù tó ń bà wá ni ti oṣù méjì gbáko. Ẹni tí oorun rẹ̀ kò tó fún ọjọ́ pípẹ́, ebi á máa pa á ju bó ṣe yẹ lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ṣòro láti ṣàkóso, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á máa lọ sókè. Bó bá ti ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé epo ló ń dà sí iná. Ẹni tó ní wárápá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, nítorí àìsùn wà lára ohun tó ń tètè fa gìrì. Ẹni tó bá sì jí ní aago mẹ́wàá àárọ̀, oògùn tí dókítà ní kó máa lò láàárọ̀ ti pẹ́ tàbí ó ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ìgbà tí ìdíje yìí ń bọ́ sí. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni àwọn ọmọ wa ń jókòó ṣe ìdánwò WAEC, ti NECO ń tẹ̀lé e. Ọmọ á fi ọ̀sán kàwé, á fi òru wo Indiana, ohun tó kà kò sì ní ríbi jókòó sí nínú ọpọlọ. Lẹ́yìn náà a ó máa sọ pé ayé ló ń ṣe é.

Agolo, obì àti oògùn

Àwa tí a wà nídìí oògùn títà mọ àkókò ìdíje láìwo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ á máa béèrè oògùn tí kò ní jẹ́ kí àwọn sùn, láàárọ̀ wọn á wá béèrè ti ẹ̀fọ́rí, lálẹ́ ọjọ́ kejì wọn á béèrè èyí tí yóò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ara kan náà ni wọ́n ń tì síwá tì sẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú ẹ́nájì drínkì alágolo ni kaféènì, ohun kan náà tó wà nínú kọfí àti nínú obì wa. Àwa ará Rẹ́mọ kò ní láti lọ jìnnà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ilẹ̀ wa ló ń so obì tí àwọn oníṣòwò Sábó ń kó lọ sí òkè Ọya, nítorí àwọn bàbá wa mọ̀ pé ó ń lé oorun. Agolo kékeré kan sábà máa ń ní nǹkan bí 80 mílígíráàmù kaféènì. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó mu agolo méjì ní aago kan òru, tó bá di aago mẹ́fà àárọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu agolo kan ló ṣì rí. Ìdí nìyẹn tí yóò fi dùbúlẹ̀ tí oorun kò ní wá, tí àyà rẹ̀ yóò máa lù kì kì kì. Àwọn ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá. Aláboyún àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn ní láti yàgò fún un. Ẹ má sì ṣe pa á pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀fọ́rí láìbéèrè, nítorí àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí kan ní kaféènì tiwọn nínú.

Ti oògùn oorun ló tún léwu jù. Diazepam àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rà bíi súìtì. Dókítà ló ń kọ ọ́, ó máa ń di bárakú, ẹni tó bá sì ti mọ́ lára kì í lè sùn láìsí i mọ́. Àwọn míì ń lo Piriton, oògùn ara yíyún, láti fi sùn. Oorun rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ó lè bá èèyàn dé orí ọ̀kadà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀fọn, jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀nà

Ewu mẹ́ta mìíràn wà tí kò sí nínú agolo. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀fọn. Èyí tó ń gbé ibà kiri, àárín òru sí ìdájí ló ń jẹni jù. Wákàtí náà gan-an ni àwọn ọmọ wa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò kékeré, fóònù lọ́wọ́, tí àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fún wọn sì wà lórí ibùsùn tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Ìkejì ni jẹnẹrétọ̀. Bí iná kò bá sí, wọn á tan èyí tó kéré, wọn á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má bàa gbé e. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí, tó ń pa odidi ìdílé sójú oorun. A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, a ó sì máa sọ ọ́: ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ni ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé.

Ìkẹta ni ọ̀nà. Oríta Ṣágámù ni òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ti Bìní. Awakọ̀ àjàgbé, oníbọ́ọ̀sì, ọlọ́kadà, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ mọ́sálásí wa. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tó bá ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17 sí 19 láìsùn, ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ á máa lọ́ra bíi ti ẹni tó ti mu ọtí dé ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń mú awakọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó jí ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí eré bá bẹ̀rẹ̀ ní aago kan òru, ó ti pé wákàtí 19. Tí eré bá fi parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 22. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di ọwọ́ mọ́ ìdarí ọkọ̀ ní aago márùn-ún, tó tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí, ọkọ̀ náà ti lọ ju 80 mítà láìsí awakọ̀. Kò fi ẹnu kan ọtí láyé rẹ̀, àmọ́ ìwakọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀mùtí. Èèyàn 14 ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Èsì fún àwọn tó ń dá wa lóhùn

Wọ́n máa ń sọ pé, “Ṣé àwọn ọdẹ àti àwọn nọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lóru ni?” Wọ́n ń ṣe é. Jíjẹ mímu ló gbé wọn síbẹ̀, aláìsàn àti dúkìá sì ń bẹ tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n sì máa ń fi ọ̀sán san gbèsè oorun náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù kò ní àǹfààní yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ń retí wọn ní aago mẹ́jọ.

Wọ́n tún máa ń sọ pé dátà òru ló dínwó. Òótọ́ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń ta dátà òru ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ ra á, ẹ fi gba eré náà sílẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, ẹ sì sùn. Owó tí ẹ fi pa mọ́ lórí dátà, ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ ná an lórí oògùn.

Àwọn míì kì í tilẹ̀ í ṣe olólùfẹ́ eré. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ta. Owó tó wà níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Súrà Al-Maa'idah ti ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí, ó sì ní ká jìnnà sí i, nítorí náà a kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn síbẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé òun kò lè sùn láìmọ iye tí Oklahoma jẹ, kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá eré ló ń wò tàbí owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dùn wọ́n jù ni pé, “Kò dùn bíi ká wò ó lójú ẹsẹ̀.” A gbà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọbẹ̀ tí yóò kan bó bá di àárọ̀. Bọ́ọ̀lù tí Haliburton jù lóru Iléyá wọlé lóru, ó wọlé láàárọ̀, ó ṣì ń wọlé títí dòní fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Oorun tó lọ lóru yẹn, kò sí ẹni tó lè gbé e padà wá.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín láti ṣe

Kí ilé kọ̀ọ̀kan jókòó kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mú eré díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wò, kí àwọn yòókù di ti àárọ̀. Lẹ́yìn Àsùbáà àti àdúà òwúrọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti wo àwọn ibi tó dùn jù. Kí àwọn ọ̀rẹ́ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní kọ èsì sórí WhatsApp títí di aago méje. Èyí náà jẹ́ ìfọkàntán láàrin Mùsùlùmí.

Bó bá di dandan kí àgbàlagbà wo eré kan lóru, kó jẹ́ òru tí kò sí iṣẹ́ láàárọ̀ rẹ̀. Kó sùn lẹ́yìn Ìṣáì, kó jí nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó ṣe àlùwàlá kó sì kí ráká méjì. Lẹ́yìn eré, kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kó gba mọ́sálásí lọ, kó kí Àsùbáà pẹ̀lú jámáà, kó tó padà wá sùn. Kó sùn díẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú, nítorí suna ni oorun ọ̀sán. Kó má wakọ̀ lọ́jọ́ náà bí oorun rẹ̀ kò bá tó.

Fóònù ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ sùn ní yàrá rẹ̀. Kí ìyá gbà á lẹ́yìn Ìṣáì, kí bàbá náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lójú ọmọ, nítorí ọmọ kì í gba ìmọ̀ràn tí òbí rẹ̀ kò tẹ̀lé. Ẹni tó ń lo oògùn ojoojúmọ́, kó fi aago sí fóònù rẹ̀ kó má bàa gbàgbé.

A sì fẹ́ rán àwọn ọ̀dọ́ wa létí pé bọ́ọ̀lù ọ̀sán wà nítòsí. Remo Stars tó gba ife líìgì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní sáà 2024/25, Ìkẹ́nnẹ́ ni pápá wọn wà. Kò jìnnà sí Mákùn. Ojú ọ̀sán ni wọ́n sábà ń gbá a, ẹ lè kí Àlàásárì níbẹ̀, kí ẹ sì délé kí Ìṣáì tó pè. Ẹni tó lè ka orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Indiana, tí kò sì tíì dé Ìkẹ́nnẹ́ rí, ó ń fi ilé sílẹ̀ gbé òde.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera tí a ó fi jọ́sìn fún Un. Kí Ó má jẹ́ kí eré gba ẹ̀tọ́ ara, kí Ó má jẹ́ kí òru gba ẹ̀tọ́ Àsùbáà lọ́wọ́ wa. Kí Ó ṣọ́ àwọn awakọ̀ wa lójú ọ̀nà, kí Ó fi òye sí ọpọlọ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ìdánwò. Aamiin.

Ma salaam.